Ta Ni Yóò Bá Ọmọ Yín Wọ Òkun?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè ya àwọn mìíràn nínú yín lẹ́nu, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ eré kan ni, eré tí àwọn ọ̀dọ́ ń bá ọ̀rẹ́ wọn ṣe nínú ibú omi, tí à ń pè ní mímòòkùn.

Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ṣùgbọ́n ọmọ wa wà ní Jẹ́dà, ó wà ní Dubai, ó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fi àwòrán ránṣẹ́ sílé, tí ìyá rí i pé ọmọ òun ló wọ ẹ̀wù rọ́bà dúdú láti ọrùn dé ọrùn-ẹsẹ̀, tí ó gbé àgbá irin sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, tí ó ki nǹkan bọ ẹnu, tí ó ń juwọ́ láti inú omi, ọkàn ìyá yóò fò sókè. Ìyá mìíràn yóò kígbe pé, "Mo gbé!" Bàbá yóò ní kí ó má dán an wò mọ́ láéláé. Ọmọ yóò ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn náà kò ní fi àwòrán ránṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò ní ṣíwọ́ eré náà. Báyìí ni àwọn òbí ṣe ń pàdánù àyè tí wọn ì bá fi gba ọmọ ní ìmọ̀ràn.

Lójú tiwa, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́. Ìbéèrè náà ni pé: ìwọ àti ta ni ẹ jọ ń lọ? Ẹni tí ó bá mọ bí eré yìí ti rí yóò mọ̀ pé nínú ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ẹ̀mí ọmọ wà.

OKÙN ÀWỌN ARÁ ÀTIJỌ́

Mímòòkùn kì í ṣe ohun àjèjì nínú ìtàn àwọn Mùsùlùmí. Ẹni tí ń ka Súrà Ar-Rahman mọ̀ pé a dárúkọ àlúùlúù àti iyùn níbẹ̀ pé inú òkun ni wọ́n ti ń jáde. Àlúùlúù ni òkúta funfun tí ń dán, tí a ń bá nínú ìkarahun nísàlẹ̀ òkun. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará Kuwait àti Bahrain fi wíwá a ṣe oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ọkùnrin méjì ni í jọ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ń wọ omi ni wọ́n ń pè ní ghais. Ẹni tí ń dúró nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń pè ní saib. Ghais yóò fi nǹkan há imú rẹ̀ pa, yóò ki ẹsẹ̀ bọ okùn tí a so òkúta mọ́, yóò mí kanlẹ̀, òkúta yóò sì fà á lọ sísàlẹ̀. Kò ní èémí mìíràn lọ́hùn-ún ju èyí tí ó gbé sínú lọ. Bí èémí bá ń tán lọ, yóò ja okùn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, saib yóò sì fà á sókè kíákíá. Bí saib bá sùn lọ, tàbí tí ó ń bá ẹlòmíràn tàkúrọ̀sọ, ó parí fún ghais nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tí ń wá saib kì í wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára okùn ni ó ń wá.

Iṣẹ́ yìí rẹ̀yìn láàárín ọdún 1930 sí 1940, nígbà tí àlúùlúù tí àwọn ará Jàpáànì ń sìn gba ọjà. Ní 2012, UNESCO kọ àwọn ilé àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní Bahrain sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé, kí ìrántí rẹ̀ má baà parẹ́.

Ní 1943, ọkùnrin méjì ní ilẹ̀ Faransé, Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó yí ọ̀rọ̀ padà. A ń rọ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú àgbá irin, a ń gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀rọ kékeré kan tí a ki bọ ẹnu a sì máa bu afẹ́fẹ́ náà fún ènìyàn ní ìwọ̀n tí ó bá fà. Kò sí okùn mọ́, kò sí saib mọ́. Ènìyàn lè máa rìn nínú omi bí ẹja.

Ibi tí ewu ti wọlé gan-an nìyẹn. Nígbà tí okùn já, ta ni yóò mọ̀ bí ẹni ìsàlẹ̀ bá wà nínú ìyọnu? Àwọn ẹgbẹ́ tí ń kọ́ni ní eré yìí, irú bí ẹgbẹ́ BSAC tí a dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1953 àti ẹgbẹ́ PADI tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1966, fi òfin kan dí àlàfo náà: kí ẹnikẹ́ni má dá wọ omi. Méjì-méjì ni kí wọ́n máa lọ. Ọ̀rẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni saib rẹ, ìwọ náà sì ni saib rẹ̀. Ojú rẹ̀ àti ojú rẹ ni okùn tí ó so yín pọ̀.

ÒKUN TÍ ÀWỌN ALÁLÀÁJÌ MỌ̀

Ẹ̀yin tí Ọlọ́hun ti ṣe ní oore, tí ẹ ti lọ sí Mẹ́kà, ẹ mọ Òkun Pupa, nítorí etí rẹ̀ ni ìlú Jẹ́dà wà. Ilẹ̀ Lárúbáwá wà ní apá kan rẹ̀. Íjíbítì àti Sùdáánì wà ní apá kejì. Àwọn amòòkùn láti gbogbo ayé ń wá síbẹ̀, ó sì ní ìdí. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ lágbègbè náà, kò sì sí odò ńlá kan tí ń ṣàn wọ inú òkun náà ní gbogbo ọdún láti gbé ẹrẹ̀ wá. Omi náà mọ́ gaara, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iyùn hù nísàlẹ̀ rẹ̀ bí igbó, àwọn ẹja aláràbarà ń wọlé, wọ́n ń jáde láàárín rẹ̀. Ní Ras Muhammad, níbi tí ilẹ̀ Sináì ti parí sínú òkun, ìjọba Íjíbítì ti sọ ibẹ̀ di ọgbà ìpamọ́ láti 1983, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣẹ́ iyùn tàbí kó nǹkan níbẹ̀.

Láàárín àwọn ẹ̀dá tí ń gbé inú òkun náà, ẹja kékeré kan wà tí ó ń bá edé gbé inú ihò kan náà. Edé yìí kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ ilẹ̀ wà. Ẹja mọ ìṣọ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò lè gbẹ́ ilé. Edé ni ó ń kó yanrìn jáde látàárọ̀ dalẹ́. Ẹja a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa wo ọ̀tún, a máa wo òsì. Nígbàkígbà tí edé bá jáde, yóò fi ìwo ẹnu rẹ̀ gígùn kan ara ẹja. Bí ẹja bá ti gbọn ìrù, edé mọ̀ pé ewu ń bọ̀, yóò sì sá wọlé. Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọba tí ó dá òkun ti fi ẹ̀kọ́ náà sí ìsàlẹ̀ omi kí ènìyàn tó débẹ̀.

Ohun mìíràn tí wọ́n ń lọ wò ni ọkọ̀ ogun àgbáyé tí ó rì. Thistlegorm ni orúkọ ọkọ̀ náà, ọkọ̀ akẹ́rù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní òru ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá 1941, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Jámánì ju àdó olóró lù ú, ènìyàn 9 sì kú. Ó wà níbẹ̀ di òní ní nǹkan bíi mítà 30 sísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn alùpùpù, ọkọ̀ akẹ́rù, ìbọn àti bàtà sójà tí ó rù. Ó dunni pé àwọn kan tí wọ́n wá wòran ti yọ nǹkan lára rẹ̀ lọ. Amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò rí i, ti ọ̀run ń wò ó. Ọ̀rẹ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ yín láti jí nǹkan nínú òkun, ẹ má rò pé yóò kọ́ ọ ní ohun rere lórí ilẹ̀.

OHUN TÍ OMI Ń ṢE SÍ ARA

Kí a tó lè mọ iṣẹ́ ọ̀rẹ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí omi ń ṣe. Omi wúwo. Bí ènìyàn bá wọ omi òkun dé mítà 10, tí í ṣe bí ẹsẹ̀ bàtà 33, ohun tí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti di ìlọ́po méjì èyí tí ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀. Ní mítà 20 ó di ìlọ́po mẹ́ta, ní mítà 30 ó di ìlọ́po mẹ́rin. Bàlúùnù tí àwọn ọmọdé ń fẹ́, bí a bá gbé e dé mítà 10, yóò sún kì dé ààbọ̀ bí ó ti rí. Bí a bá sì tún fẹ́ ẹ kún níbẹ̀, tí a wá gbé e padà sókè, yóò wú di méjì, yóò sì bẹ́.

Ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn dàbí bàlúùnù náà. Ẹni tí ó bá mí afẹ́fẹ́ kún inú ní ìsàlẹ̀, tí ó sì sé èémí mọ́ra nígbà tí ó ń gòkè bọ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè fàya. Ìdí nìyí tí òfin kìíní fi jẹ́ pé: má ṣe sé èémí láé, máa mí wọlé, máa mí jáde, láìdúró. Nítorí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí kan náà, afẹ́fẹ́ inú àgbá ń tán kíákíá ní ìsàlẹ̀. Èyí tí ì bá tó ènìyàn fún wákàtí kan lókè, ìṣẹ́jú 15 péré ni yóò lò ní mítà 30.

Ewu kejì fara pamọ́ ju ìyẹn lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni náítírójìn, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń tẹ ara, náítírójìn yóò máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí ó wà ní dídé, ẹ kò rí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ ṣí i lójijì, ìfóòfó yóò ho jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá sáré gòkè láti inú ibú. Ìfóòfó náà lè há sí oríkèé, kí ó máa roni. Ó lè há sí ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ rọ. Ó sì lè pa ènìyàn. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ náà ni amòòkùn fi ń gòkè. Kì í sábà ju mítà 9 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ó bá sì ku mítà 5 kí ó yọ orí, yóò dúró fún ìṣẹ́jú 3, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè tú náítírójìn náà sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nínú òkun tiwa níhìn-ín ni a ti rí àpẹẹrẹ èyí. Ní oṣù karùn-ún 2013, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Jascon-4, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn elépo, dojú dé nítòsí Escravos. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Alásè wọn, Harrison Okene, nìkan ni ó yè. Ó bá ara rẹ̀ nínú yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí, ní nǹkan bíi mítà 30 sísàlẹ̀, nínú òkùnkùn àti òtútù, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 60. Òkú ni àwọn amòòkùn wá gbé. Ọwọ́ alààyè ni wọ́n bá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: wọn kò lè fà á jáde kí wọ́n sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kún fún náítírójìn. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbígbà tí wọ́n gbà á là ni ì bá pa á. Inú yàrá irin tí a ti ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ ènìyàn ni wọ́n gbé e sí fún ọjọ́ bíi méjì, tí wọ́n ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó tó padà sí ayé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn. Ọlọ́hun tóbi.

IṢẸ́ Ọ̀RẸ́ NÍNÚ OMI

Wàyí o, kí ni ọ̀rẹ́ ń ṣe fún ọ̀rẹ́ nínú omi?

Èkínní, kí wọ́n tó kúrò nínú ọkọ̀, olúkúlùkù yóò yẹ ẹrù ẹnìkejì rẹ̀ wò: ṣé àgbá ṣí, ṣé afẹ́fẹ́ kún, ṣé ìgbànú ti dè. Ojú ara ẹni kò lè rí ẹ̀yìn ara ẹni. Ọ̀rẹ́ tí ó bá ń fi èyí ṣe ẹlẹ́yà, tí ó ń ní, "Ṣé o kò mọ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe ni?", kì í ṣe ẹni tí a ń bá wọ òkun.

Èkejì, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ èdè ọwọ́, nítorí ẹnu ti há. Bí a bá fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe òrùka, ó túmọ̀ sí pé àlááfíà ni. Bí a bá tẹ́ ọwọ́, tí a ń gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì, nǹkan kan kò dára. Bí a bá fi ọwọ́ gé ọ̀nà ọ̀fun, afẹ́fẹ́ ti tán. Bí a bá na àtàńpàkò sókè, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń kí ara wọn pé "ó dára" lórí ilẹ̀, nínú omi ó túmọ̀ sí pé kí a gòkè nísinsìnyí.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ wà nítòsí tó láti kàn án ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àgbá olúkúlùkù ní ẹnu-ẹ̀rọ méjì: ọ̀kan fún olówó rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá tán. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ṣé gbogbo àwọn tí ọmọ yín ń pè ní ọ̀rẹ́ ni yóò pín èémí pẹ̀lú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun? Ọ̀rẹ́ tí ó ń ya àwòrán ara rẹ̀ kiri, tí kò wẹ̀yìn, ó ti fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọ jáde kúrò nílé.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ó ń le fún ọ̀dọ́. Òfin kan wà láàárín àwọn amòòkùn tí ó mọṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè ní òun kò lọ mọ́, tàbí pé kí a padà, nígbàkígbà, láìsọ ìdí, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè tàbí kí ó fi í ṣẹ̀sín. Àìsí òfin yìí láàárín ọ̀rẹ́ ti rán ọ̀pọ̀ lọ sí ọ̀run. Ní Dahab, ní etí Òkun Pupa ti Íjíbítì, ihò ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Blue Hole. Ó jìn tó nǹkan bíi mítà 100, ilẹ̀kùn àpáta kan sì wà nínú rẹ̀ tí ó ju mítà 50 lọ sísàlẹ̀. Mítà 18 ni ẹni tí ó gba ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní àṣẹ láti dé, mítà 40 sì ni òpin fún ẹni tí ń fi mímòòkùn ṣeré. Síbẹ̀ àwọn kan ń dán ilẹ̀kùn náà wò nítorí pé ọ̀rẹ́ wọn ní òun ti kọjá níbẹ̀. Bí ènìyàn bá ti kọjá mítà 30, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí pa á bí ọtí. Ẹni tí kò fi ọtí kan ẹnu rí láyé rẹ̀ yóò máa rẹ́rìn-ín láìnídìí, yóò gbàgbé afẹ́fẹ́, yóò máa lọ síwájú. Lára àpáta tí ó kọjú sí omi náà, òkúta ìrántí àwọn tí kò padà wà níbẹ̀, orúkọ ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ lára wọn. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Ojú kì í ṣe akọni nígbà tí ẹ̀rù bá tọ́. Ẹ kọ́ ọmọ yín láti lè sọ níwájú ọ̀rẹ́ mẹ́wàá pé, "Èmi kò lọ." Ọmọ tí kò bá lè sọ ọ́ lórí ilẹ̀ kò ní lè fi ọwọ́ sọ ọ́ nínú omi.

FÚN ÀWỌN OBÌNRIN, ÀTI FÚN ÌLERA GBOGBO WA

Àwọn ọmọbìnrin wa náà ń ṣe eré yìí. Ti aṣọ kì í ṣe ìṣòro ńlá, nítorí pé ẹ̀wù rọ́bà tí ọkùnrin àti obìnrin ń wọ̀ bo ara láti ọrùn dé ọrùn-ẹsẹ̀, fìlà rẹ̀ sì wà tí ó bo irun àti etí. Nítorí pé ó máa ń fún mọ́ ara, àwọn mìíràn ń wọ ẹ̀wù ìwẹ̀ tí ó bo ara lé e, irú èyí tí Aheda Zanetti, obìnrin Mùsùlùmí tí a bí ní Lẹ́bánónì, ṣe ní Ọsirélíà ní 2004. Kí aṣọ náà má ṣe gùn débi tí yóò fi kọ́ okùn tàbí ìgbànú. Olùkọ́ obìnrin wà, ẹ lè béèrè fún un. Ó sì dára kí obìnrin bá obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ omi.

Ṣùgbọ́n aláboyún kò gbọ́dọ̀ mòòkùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ oṣù kan péré, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìfóòfó náà kò ní ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Ẹni tí ó ní wárápá, àrùn ọkàn tàbí ikọ́ fée gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó ronú kàn án. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe kí ó dúró títí yóò fi lọ, nítorí pé amòòkùn gbọ́dọ̀ di imú kí ó sì rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bí imú bá dí, ìlù etí lè ya. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 kì í gba ìwé-ẹ̀rí. Ọmọ ọdún 10 àti 11 kì í sì kọjá mítà 12, òbí tàbí olùkọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ọmọ tí ń bọ̀ wá sílé láti Jẹ́dà. Kí ó má ṣe mòòkùn láàárọ̀ kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú nírọ̀lẹ́. Bí ọkọ̀ bá gòkè, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ yóò dín kù, ìfóòfó yóò sì bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá mòòkùn lẹ́ẹ̀kan, kí ó dúró fún wákàtí 12, ó kéré tán. Bí ó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ó dúró fún wákàtí 18.

TI ÀWA TÍ A WÀ NÍLÉ

Etíkun Èkó kò dàbí Òkun Pupa. Ìgbì tiwa le, odò àti ọ̀sà sì ń tú ẹrẹ̀ sínú rẹ̀. Bóyá ọmọ tí ó wà nílé kò ní gbé àgbá kọ́ ẹ̀yìn láé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń bá ọ̀rẹ́ lọ sí etíkun lọ́jọ́ ọdún, òfin kan náà ni ó sì kàn wọ́n. Kí wọ́n má dá wọ omi. Kí ẹnì kan máa ka orí. Bí omi bá ń wọ́ ènìyàn lọ sí ibú, kí ó má bá a jà. Kí ó máa wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìbú etíkun títí omi yóò fi tú u sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń rì, kí ọ̀rẹ́ má bẹ́ sínú omi láti fi ìfẹ́ kú pẹ̀lú rẹ̀. Kí ó kígbe pe àwọn èèyàn, kí ó sì ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa, tí a so okùn mọ́, sí i. Kẹ́ẹ̀gì léfòó, okùn sì ni iṣẹ́ saib.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ má kọ́kọ́ kígbe. Ẹ bi í pé: ta ni ó kọ́ ọ, níbo ni ìwé-ẹ̀rí rẹ wà? Ta ni ẹnìkejì rẹ, ọdún mélòó ni o ti mọ̀ ọ́n? Ṣé ó máa ń gbọ́ bí o bá ní kí ẹ padà? Ṣé ẹni tí ń ránni létí ìrun ni, àbí ẹni tí ń múni gbàgbé rẹ̀? Ẹ ó rí i pé ọmọ yóò dáhùn, nítorí ẹ béèrè bí ẹni tí ó mọ̀. Láti inú ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ óò ti mọ̀ bí ẹ óò bá sọ pé kí ó máa lọ, tàbí kí ó dúró kí ó kọ́kọ́ wá ọ̀rẹ́ mìíràn.

Kí Ọlọ́hun Ọba tí ó mú òkun rọ̀ fún ọmọ aráyé ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé àti ní òde, lórí ilẹ̀ àti lábẹ́ omi. Kí Ó fi ọ̀rẹ́ rere ta wọ́n lọ́rẹ, kí Ó sì ṣe àwọn náà ní ọ̀rẹ́ rere fún ẹlòmíràn. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.